Ẹ̀jẹ̀ Kì í Dárúkọ Ẹnìkan

Kí n tó ti ọjà Adewui ní Lomé dé, Gbọ́láhàn ọkọ mi ti di ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó tì í, ó mú èsì ẹ̀jẹ̀ mi dání. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fajú ro bí ẹni tó jẹ orógbó.

"Herpès, positif," ni ọkọ mi wí. "Àrùn abẹ́. Mo fi ẹ́ sílé lọ sí Kùtọnù, o wá ń kó ọkùnrin wọlé. Máa lọ bá àwọn èèyàn rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Títílọpẹ́ ọmọ wa ò ní bá ẹ lọ."

Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà táwọn ṣójà yìnbọn ní Lomé lóṣù kìíní, òun ló kọ́kọ́ sá ní àdúgbò wa. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan lòun máa lò. Ìgbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó ti gbogbo ìlú pa parí pátápátá, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ló tó padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rogodo. Èmi ni mo gbé ọmọ pọ̀n, èmi ni mo bẹ onílé tí kò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Kò pẹ́ tó dé ni egbò kékeré kan yọ sí mi lábẹ́. Ó ti jiná, oṣù díẹ̀ sì ti kọjá, kí dókítà tó rí i, ìyẹn ló jẹ́ kó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà," ni mo wí. "Kó kà á sétí Màmá. Bó bá ní mo ṣàgbèrè, n ó gbé ẹrù mi, n ó fi ọmọ sílẹ̀."

Faransé Màmá ò ju bonjour lọ, Gbọ́láhàn ló máa ṣe ògbufọ̀.

Nílé ìwòsàn ní àdúgbò Tokoin Wuiti, Dókítà Norbert wo ìwé náà, ó wo ojú wa. Ó ní ohun tí èsì yẹn sọ ni pé ara mi ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Kò sọ ọjọ́, kò sì sọ ẹni tó kó o ràn mí.

Gbọ́láhàn yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ó ní ó dájú, Màmá. Ó ní ọkùnrin òde ló kó o ràn án."

"Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. Màmá ní kí n panu mọ́, aláìnítìjú.

Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìjà. Ó tọ́ka sí ètè Màmá, níbi tí egbò ibà ti yọ, èyí tí wọ́n ń pè ní bouton de fièvre. Ó ní ọmọ ìyá ni kòkòrò tẹnu àti tabẹ́, àyẹ̀wò tó wà ní Lomé ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Màmá gan-an lè jẹ́ positif. Èmi ni mo túmọ̀ ìyẹn fún un, mo sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó fa ìborùn bo ẹnu.

Ni Gbọ́láhàn bá já ìwé gbà. "Mais non, docteur," ó ń fi Faransé jágbe. "Ẹ wo ìlà G, òun ló ga. Ìlà M ò ga. M ni ti tuntun, G ni ti èyí tó ti pẹ́. Ó ti wà lára rẹ̀ kí n tó dé."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mi ò tíì dárúkọ G," ó ní. "Oṣù díẹ̀ sì ti tó fún un láti ga. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Dókítà tó gba ẹ̀jẹ̀ mi ní Kùtọnù ló..."

Gbọ́láhàn, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá a ka ara ìgò oògùn ikọ́, ló wá mọ ìlà G yàtọ̀ sí M. Mo kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, dókítà kan ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ní Kùtọnù. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka èsì àrùn yìí."

"Kí ló ṣe ọ́ ní Kùtọnù, Gbọ́láhàn?" ni Màmá bi í.

"Ibà," ló wí.

Àrùn náà kọ́ ló dùn mí jù. Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó wá sùn tì mí, ó tún wá di ẹrù mi.

Nígbà tá a délé, mo tú ẹrù mi. Aṣọ tó fi dì í náà ni mo fi di tirẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbé Títílọpẹ́ wọlé.

"Ọkùnrin ni, Morìnsọ́lá," ni Màmá ń wí níta. "A kì í tìtorí èsì ẹ̀jẹ̀ lé ọkọ."

"Ẹ jókòó tì í níbẹ̀, Màmá," ni mo wí, "bẹ́ ẹ ṣe jókòó ti tèmi."

Mo ti ilẹ̀kùn.