Jígí Inú Àpótí Ọkọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí ààbò ọkọ̀ Tekaai, ilé rẹ̀ ni kó lọ. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi ti di ìrọ̀rí. Rẹfirí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló gbé fèrè kọ́rùn. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń mumi nínú kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo abúlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ta ni yóò jẹ́ kí nǹkan gidi máa ṣòfò nínú àpótí?

Lọ́jọ́ náà, Tekaai ń gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, Nei Bwenaata, sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù kejì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún kìíní ọmọ Tekaai. Ìyá gbé agbọ̀n lé itan, ó fi òdòdó dérí bí ọmọge. Ibi tí ọ̀sà ti já sí òkun gan-an ni ẹ́ńjìnnì ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́. Omi ń fà jáde lásìkò náà, ó sì gbé wọn lọ sójú agbami. Ilẹ̀ wọn pẹlẹbẹ bí àwo. Kò pẹ́ tí orí igi àgbọn pàápàá fi wọlẹ̀ mọ́ wọn lójú. Tekaai rántí àríyá náà. Ọmọ rẹ̀ á pé ọdún kan lónìí, bóyá kò sì ní rí bàbá rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀wù dà?" ni ìyá bi í.

"Ó wà nílé, Màámi. Ẹ̀yin náà lẹ gbórí lé e lánàá."

"Ṣé kí n má sùn ni? Fèrè ńkọ́?"

"Ọwọ́ rẹfirí ló wà."

"Omi mímu?"

"Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀ mà ń jayé o! Gbé àjẹ̀, jàre."

"Ibo ni ká wà á sí? Òkun ni gbogbo ẹ̀."

"Ṣé o ò lójú ni? Wo abẹ́ ìkùukùu yẹn."

Ìkùukùu pọ̀ lókè, gbogbo wọn ló funfun, àfi ọ̀kan tí abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Omi ọ̀sà wọn tó ní àwọ̀ ewé ló ń tàn sí i lára. Tekaai ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ìbẹ̀rù ló mú un gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ìyá ń tọ́ka, ó ń bú u, ó sì ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù.

Nígbà tí orí àgbọn tún yọ, apá Tekaai ti fẹ́ẹ̀ já, omi ṣì ń tì wọ́n sẹ́yìn. Ọkọ̀ apẹja kan wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n igbe wọn ò dé ibẹ̀.

"Jígí!" ni Tekaai ké. "Màámi, jígí nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn!" Ó ṣí àpótí. Ọmọńlé kan ṣoṣo ló sá jáde. "Olè wo ló gbé e? Bí ọwọ́ mi bá tẹ̀ ẹ́..."

Nei Bwenaata wo òkun, ó wo ọ̀run. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n, ó sì fa jígí náà yọ.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun," ló wí. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òdòdó mi tọ́?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa ìyá, ó sì ran Tekaai. Ìyá ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tó fi kọjú jígí sí oòrùn kí ìtànṣán rẹ̀ lè dé ojú apẹja, ó ń yí i síwá sẹ́yìn títí ọkọ̀ apẹja náà fi yà wá sọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí apẹja fà wọ́n dé, wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú maneaba, gbọ̀ngàn àpéjọ ìlú, oúnjẹ ti délẹ̀. Nei Bwenaata ò tilẹ̀ jókòó.

"Èmi ni mo jí jígí inú ọkọ̀," ló wí. "Ẹni tó bá mọ̀ pé nǹkan inú àpótí ọkọ̀ òun wà nílé, kó dìde."

Rẹfirí ló kọ́kọ́ dìde, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, dórí pásítọ̀. Ọmọ ọlọ́dún kan nìkan ló kù ní ìjókòó, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ti ọkọ̀ mìíràn, ni wọ́n sì tẹ́ sí i nídìí.