Ìdì Ìpín Tí Màámi Rà

"Ta ìdajì ìpín Màámi, kó o fi owó náà ránṣẹ́ lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí lórí fóònù. "Òrùlé mi ń jò. Ṣé ìyẹn náà gba ìpàdé ni?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́. Nǹkan kan wà tí mo kọ tí kò tọ̀nà."

"Ìwọ àti kọ̀ǹpútà yìí. Bó o bá rí ọkọ tó mọ ìṣirò, nọ́ńbà lẹ ó máa fi kí ara yín láàárọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù. Kò béèrè bóyá ara àbúrò rẹ̀ obìnrin le.

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì tó ti tutù. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun nìkan ló kù nínú ilé. Àga Màámi ṣì wà níwájú fèrèsé, òun náà ṣì máa ń yà fún un bí ẹni pé ènìyàn jókòó síbẹ̀.

Inú ilé yìí ni Màámi ti kọ́ ọ ní ìṣirò owó. Nínú fáìlì ìṣirò rẹ̀, kò sí àwọ̀, kò sí àpótí aláràbarà; ọ̀rọ̀ lásán ni lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ohun kan: ọjọ́, iye ìpín, iye tí wọ́n rà á. "Ẹni tó bá ti mọ̀wé kà, á ka èyí lẹ́yìn ikú mi," ni Màámi máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ra ìpín ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan. Ìdì ló ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wàhálà méjì gun ara wọn. Wọ́n kó ìpín náà kúrò lọ́wọ́ alágbàtà àtijọ́, ẹni tó bá Màámi rà á, lọ sọ́dọ̀ tuntun, lórúkọ ọmọ méjèèjì. Kò pẹ́ sígbà náà, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì dàpọ̀ mọ́ òmíràn, ìpín àtijọ́ méjì méjì wá di ẹyọ tuntun kan. Ẹkún ò tíì gbẹ lójú ọmọbìnrin náà nígbà yẹn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo, bí ẹni pé ọjọ́ ìkólọ yẹn gan-an ni wọ́n rà á. Bí wọ́n bá tà á bẹ́ẹ̀, agbowó-orí á ní àná ni wọ́n rà á, á sì gé tirẹ̀ tó nípọn, bó ṣe máa ń gé ti ohun tí kò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìyẹn dùn ún. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé nínú fáìlì náà, ó ti dà bí ẹni pé Màámi kò ra nǹkan kan rí.

Màámi ìbá sì ti bá a wí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni: "Bí ọmọ bá kó lọ sílé ọkọ, ó lè pààrọ̀ orúkọ. Kì í pààrọ̀ ọjọ́ ìbí."

Ó pa ìlà irọ́ náà rẹ́. Nínú fáìlì náà, ó mú ìdì àkọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ alágbàtà àtijọ́, ó mú un wọlé sọ́dọ̀ tuntun, tòun ti ọjọ́ tí wọ́n rà á àti iye rẹ̀. Ìdì kejì tẹ̀ lé e. Níbi ìdàpọ̀, ó dín iye ìpín kù sí ìdajì, ó sọ owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, kí àpapọ̀ má bàa yí padà. Kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àṣìṣe kankan.

"Màámi, ó ti bára mu," ló wí sí àga náà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà.

"Bọ̀dá mi, ìdì méjì ni, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èwo ni ká tà? Bí a ò bá yàn, èyí tó pẹ́ jù ni alágbàtà máa tà."

"Owó lowó ń jẹ́. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ọdún tí Màámi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ra èyí tó kẹ́yìn. Àkọ́kọ́..." Ó tún wo ìlà náà lórí kọ̀ǹpútà. "Ọ̀sẹ̀ tí ẹ kúrò nílé ni."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn kẹ̀? Inú ń bí Màámi sí mi nígbà náà."

"Inú ń bí i. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ní ẹ ò lọ mọ́ ló fi rà á. Kò ná an sí nǹkan mìíràn."

Ó gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fa àga, tó jókòó.

"Ta èyí tó kẹ́yìn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí níkẹyìn. "Fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀."

"Ó dáa, Bọ̀dá mi."

Ó ń retí kó pa fóònù bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò pa á.

"Àbúrò, ka ọjọ́ yẹn fún mi."

Ó wọ́ àga Màámi wá sídìí kọ̀ǹpútà, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà àkọ́kọ́.