Ẹ Jẹ́ Kí Òróró Tutù Ná

Ìyá Nọ́ọ̀tù ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ tó ń dé ìgò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń rọ òróró. Láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀ka tó wà lókè òkun ni obìnrin náà ti wá sí olú ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí ìgò bá tún jò níbí lónìí, àdánù yóò pọ̀ débi pé títì ni wọn yóò ti ẹ̀ka náà pa, òun àti àwọn méjìdínlógún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò sì lọ jókòó sílé.

Bàbá Sípánà, olórí mẹkáníìkì olú ilé-iṣẹ́, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn?"

"Mi ò bà á jẹ́, ọ̀gá. Mò ń sún un síwájú ni."

"Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tù, èmi náà lo wá kọ́."

"Ẹ kọ́ mi dáadáa, sà. Ẹ ní bó bá ń jò, ká fún ìdérí mọ́ sí i. Ìdérí mélòó ló là lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Ojú bàbá náà le koko.

Ní olú ilé-iṣẹ́ níbí, gbígbóná ni òróró ń wọ ìgò, wọ́n á sì dé e lójú ẹsẹ̀. Bó bá wá tutù, ọrùn ìgò á súnkì, ìdérí á sì dẹ̀. Ní ẹ̀ka, yàrá kan ò gba ẹ̀rọ méjèèjì. Ọmọlanke ni wọ́n fi ń ti ìgò la àgbàlá kọjá, òróró á sì ti tutù kó tó débẹ̀. Ọdún kan gbáko, ìgò kan ò jò. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí, àfi ọjọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀tù ṣèèṣì fọwọ́ kan ìgò kí wọ́n tó dé e, tó rí i pé ó ti tutù.

Ó wọ́ tábìlì gígùn kan sáàárín ẹ̀rọ méjèèjì.

"Tábìlì," ni Bàbá Sípánà wí. "Ó wọ bàálù nítorí tábìlì."

Ìyá Nọ́ọ̀tù to ọgọ́rùn-ún ìgò òróró gbígbóná sórí tábìlì, ó dúró títí wọ́n fi tutù, ó ní kí wọ́n dé wọn, ó sì da gbogbo wọn dojú délẹ̀ lórí pépà funfun. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Pépà náà gbẹ táútáú.

"A ò ní ti ẹ̀ka yẹn mọ́," ló wí. "Bàbá Sípánà, ẹ múra. Oṣù mẹ́ta lẹ máa fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

Bàbá náà wo pépà títí.

"Ta ni ọ̀gá lọ́hùn-ún?"

"Èmi ni, sà," ni Ìyá Nọ́ọ̀tù wí.