Ọkọ Ọ̀sán

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé tọkọtaya ló ń gbé inú ilé náà, kò parọ́. Àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ ń ṣe búrẹ́dì lóru, aya ń tọ́jú arúgbó lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ á máa wọlé bọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú, aya á máa jáde lọ pẹ̀lú báàgì léjìká. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé, ẹnu ọ̀nà náà ni gbogbo ìgbéyàwó wọn wà.

"Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò."

"Ó dáa. Páìpù ń jò."

"Mo ti rí i."

Ó parí! Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún un ṣe, àfi pé ọkọ ló ń jáde, tí aya ń wọlé.

"Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn. Wọ́n ti tún páìpù yẹn ṣe?"

"Rárá o."

Àwọn aládùúgbò a máa béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe wá bímọ méjì. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: ọjọ́ ọlidé máa ń wà tí ibi iṣẹ́ méjèèjì jọ ń sinmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àkọ́bí ní Ọlidé, tí bàbá rẹ̀ fi di Bàbá Ọlidé títí dòní. Ọlidé àti àbúrò rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti bá ọ̀nà wọn lọ, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ilé.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìpalẹ̀mọ́ wọn. Ọ̀kan fẹ́ sin adìyẹ. Ọ̀kan fẹ́ kọ́ orin. Ọ̀kan ní tòun ni pé òun á jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rán òun níṣẹ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tó fi rántí pé òun níyàwó nílé, ló bá panu mọ́.

"Ìwọ ńkọ́, Bàbá Ọlidé?"

"Èmi? Mo fẹ́ di ọkọ ọ̀sán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Àmọ́ kì í ṣe àwàdà. Ọkùnrin yìí mọ ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń lọ. Kò mọ̀ bóyá ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín ńkọ́, ṣé ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu ni? Báwo lojú rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí? Àwọn nǹkan tí ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ń mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá Ọlidé ti darúgbó, kò mọ̀ ọ́n.

Ó lọ bá káfíńtà, ó ní kó kan àga ẹlẹ́ni-méjì fóun, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń lajú sílẹ̀ lọ́sàn-án. Kò pẹ́ tó fi sùn lórí ìdúró lẹ́nu iṣẹ́, tí orí rẹ̀ sì wọ inú ìyẹ̀fun pípò lọ gbuurugbu. Wọ́n fa orí jáde, ó ní, "Ṣé ọ̀sán ti pọ́n ni?"

Àdéhùn wà láàárín òun àtìyàwó pé àwọn á jọ fẹ̀yìn tì lóṣù kan náà. Oṣù náà pé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe ìdágbére fún un, wọ́n fún un lẹ́bùn. Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Aago ara ògiri! Ẹni tí aago ti ń lé kiri láti ìgbà èwe, aago náà ni wọ́n tún gbé lé e lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sílé. Kò bínú. Ó délé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó lọ jókòó sórí àga tuntun, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè ṣófo dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ yọ láti inú yàrá. Báàgì wà léjìká rẹ̀.

"Ìyá Ọlidé, gbé báàgì sílẹ̀. Ó ti tán."

"Bàbá Ọlidé, ẹ má bínú."

"Kí ló dé?"

"Mẹ́tíróònù ló bẹ̀ mí. Wọn ò rí ẹni tó máa gbapò mi. Ó ní kí n ṣì fi díẹ̀ kún un."

"Díẹ̀ báwo?"

"Títí wọ́n á fi rí ọ̀dọ́."

"Ọ̀dọ́! Ní àdúgbò yìí? Ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tó kù níbí, ológbò ni, òun náà ti ń wọ́ ẹsẹ̀!"

Òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ ti lọ, àwọn òbí ló kù. Ilé ìtọ́jú àgbà, tó jẹ́ ilé kótópó nígbà kan, kún àkúnya. Ilé ìwé tí Ọlidé kà sì ṣófo. Ni wọ́n bá kó tábìlì kéékèèké jáde, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì wọlé. Àwọn arúgbó wá ń sùn lábẹ́ ògiri tí wọ́n kọ a-b-d sí.

Ìyá Ọlidé jáde. Àga ẹlẹ́ni-méjì ku ẹnì kan.

Bó bá dé lálẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Kó tó bọ́ bàtà kejì, oorun ti gbé e. Ara ọkọ ní tirẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì: alẹ́ ló ń jí, ọ̀sán ló ń tòògbé. Ẹ gbọ́ o, àárò ẹni tó wà nílé le ju àárò ẹni tó rìnrìn àjò lọ. Ẹni tó rìnrìn àjò, èèyàn á máa wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni, ọ̀nà wo lèèyàn fẹ́ máa wò?

Ibi tí ó ti ń rò ó lọ ló ti rántí pé àwọn arúgbó kan wà tí wọ́n kì í sùn sí ilé ìtọ́jú náà, tó jẹ́ pé àárọ̀ ni wọ́n ń wá, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ó fò dìde. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sán ayé rẹ̀ sùn, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ó yá ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ó tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ, ó ní kí ọwọ́ òsì máa gbọ̀n, ó sì forí lé ibẹ̀.

Mẹ́tíróònù, olórí ibẹ̀, ló pàdé rẹ̀.

"Bàbá, kí lorúkọ yín?"

"Mo ti gbàgbé."

"Ilé yín ńkọ́?"

"Ó wà níbì kan."

"Ṣé ẹ níyàwó?"

"Ìyẹn ni mi ò gbàgbé."

Àánú ṣe Mẹ́tíróònù. "Ẹ wọlé, Bàbá. Ẹ jókòó títí ẹni tó ni yín á fi wá yín wá."

Inú Bàbá Ọlidé dùn. Ó ti ń rí ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn, tó ń bọ̀ pẹ̀lú ṣíbí àti ẹ̀rín músẹ́. Ẹni tó yọ sí i wá jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí gbogbo ilé ń pè ní Katakata.

"Bàbá, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀!"

"Mo ti wẹ̀ kí n tó kúrò nílé."

"Gbogbo yín náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ kan gbé e bí ẹni gbé búrẹ́dì, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o bí ẹni ń bó ìdí ìkòkò. Ìyẹ̀fun tó ti wà lẹ́yìn etí rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlidé ń ka ìwé, ọjọ́ náà ló ṣí kúrò.

Wọ́n wá gbé e jókòó sí gbọ̀ngàn. Níbẹ̀ ló ti rí i. Ìyá Ọlidé jókòó ti arúgbó kan tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sùn sórí itan, ó ń fún un ní ọbẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ la ẹnu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i, olówó orí mi."

Olówó orí la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ó gbé e mì, ó sọ nǹkan kan, ni Ìyá Ọlidé bá bú sẹ́rìn-ín. Kò fọwọ́ bo ẹnu o! Ó da orí sẹ́yìn, ó fọwọ́ lu itan, ẹ̀rín náà ń yí gbiri gbiri káàkiri gbọ̀ngàn. Bàbá Ọlidé di ọ̀pá mú. Ṣé ẹ̀rín tó wà nínú ilé òun látọjọ́ yìí nìyí, tó jẹ́ pé ìta ló ti ń ná an?

Bí obìnrin náà ṣe gbé abọ́ lọ sílé ìdáná, Bàbá Ọlidé sún mọ́ arúgbó náà.

"Ta lẹ̀yin?"

"Hẹdimásítà ni mí. Yàrá tí mò ń sùn lọ́hùn-ún, ọ́fíìsì mi ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba iwájú yọ mí, mo gba ẹ̀yìn wọlé."

"Obìnrin tó ń fún yín lóúnjẹ yẹn, ṣé kò lọ́kọ ni?"

"Wọ́n ní ó lọ́kọ. A ò rí i rí. Àwa ti gbà pé ó ti kú, ojú ló ń ti obìnrin náà láti sọ. Kí ló dé? Ṣé ó wù ẹ́ ni? Lọ tò sẹ́yìn, ìlà gùn!"

"Kò kú!" Bàbá Ọlidé ti dìde gbọnrangandan, ọ̀pá ti wà lókè. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó kú?"

Ìgbà náà gan-an ni Ìyá Ọlidé padà wọlé.

Ó wò ó. Bàbá Ọlidé sáré tẹ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n padà, àmọ́ ọwọ́ òsì ló ń gbọ̀n láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbọ̀n báyìí. Ìyá Ọlidé kò pariwo lé e lórí. Ó kàn di apá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká jókòó síta, atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Bẹ́ńṣì àwọn ọmọ iléèwé kan ló kù lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n jókòó, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Bàbá Ọlidé, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá wo ojú ẹ lọ́sàn-án."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mẹ́tíróònù ò bẹ̀ mí. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ kẹ̀! Pẹ̀lú àga tí mo kàn sílẹ̀?"

"Àga yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Kí la fẹ́ máa sọ lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ọ̀rọ̀ wa ò ju páìpù tó ń jò lọ. Obìnrin tẹ́ ẹ ń retí yẹn, ó ń kọjá lọ ni o. Kò dúró pẹ́ tó kẹ́ ẹ rí àléébù ẹ̀. Mo máa ń dá sọ̀rọ̀. Tóòrùn bá mú, mo máa ń kanra. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì mí tán, tẹ́ ẹ wá rí i pé ìyá àgbà lásán ni ńkọ́?"

Bàbá Ọlidé gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó ní: "Èmi náà máa ń hanrun."

"Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ọ̀sán ni mo ti ń sùn."

"Tí mo bá ti fún wọn lóúnjẹ tán, mo máa ń sáré délé. Ẹnu yín á ti là sílẹ̀. Màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá wò yín, màá tún sáré padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọlidé ò tíì máa rá."

"O ò sì jí mi!"

"Tí mo bá jí yín, ta ló máa po ìyẹ̀fun lóru?"

Bàbá Ọlidé wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ńṣì, tí iṣan rẹ̀ ti yọ. Àṣé àwọn méjèèjì ló ń wá ara wọn. Òun nìkan ló di ojú pa wá a.

"Ìyá Ọlidé, olè ni ẹ́. O kó gbogbo ọ̀sán mi lọ."

Ẹ̀rín obìnrin náà tún bú jáde, ọkọ rẹ̀ ló ni ín wàyí. Bàbá Ọlidé jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó sọ pé, "Wá sílé."

"Ta ló máa fún Hẹdimásítà lóúnjẹ? Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ti rọ."

Ẹnì kan wúkọ́ lókè orí wọn. Wọ́n gbójú sókè: Mẹ́tíróònù, Katakata àti Hẹdimásítà ló kún ojú fèrèsé, wọ́n ti ń gbọ́ ọ bọ̀ látòkèdélẹ̀. Abọ́ ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ kan Hẹdimásítà, ṣíbí wà lọ́wọ́ kejì, ó sì ń bu ọbẹ̀ náà sẹ́nu wàràwàrà.

"Hẹdimásítà!" ni Mẹ́tíróònù kígbe. "Ọwọ́ yín!"

"Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan," ni àgbà náà wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹni tó máa jókòó tì mí tí mo bá ń jẹun ni mi ò ní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Katakata ló fa àga, ó jókòó tì í.

"Kó má ṣáà pè mí ní ọkọ ẹ̀ o," ni Hẹdimásítà wí.

Ìyá Ọlidé dìde. "Mẹ́tíróònù, màá máa wá láàárọ̀. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fún mi."

Mẹ́tíróònù wo gbọ̀ngàn tó kún fún orí funfun, ó wo tọkọtaya náà, ó fa èémí gígùn. "Ẹ máa lọ, kí n tó yí ọkàn padà."

Wọ́n jáde sínú oòrùn. Ọ̀sán tí ọkùnrin náà ti ń tọrọ látọjọ́ yìí rèé, oorun burúkú kan sì ń wọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ń sùn."

"Mi ò sùn." Ó já ara rẹ̀ ní èékánná nítan.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ bá yín sọ, ó ti pẹ́ gan-an. Kò gba ẹnu ọ̀nà ni."

"Sọ ọ́."

"Ó gùn o."

"Ṣé mo ń lọ síbì kan ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó pàdé lọ́jọ́ tójò pa á, ó yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kanra mọ́ oòrùn, ó padà sídìí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Òógùn yọ sí i níwájú orí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, àmì kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ tí Bàbá Ọlidé kò rí rí. Wọ́n dé ilé. Wọ́n ré ilé kọjá. Obìnrin náà kò mọ̀, ó ti dé ibi tó dùn. Ọkọ rẹ̀ rí i. Kò sọ.