Ogún Àwọn Ọmọbìnrin Obadiah

Iyẹ̀pẹ̀ ibojì bàbá wa kò tíì gbẹ tí àbúrò rẹ̀ fi pààlè sí oko àgbọn wa. Leah, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ló kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà láti ṣa àgbọn tó já sílẹ̀, ó sì kígbe pè wá. Nígbà tí èmi àti Títílọlá, àbúrò wa, sáré dé ibẹ̀, a bá màrìwò lára gbogbo igi, láti etí ọ̀sà títí dé ibi tí iyanrìn òkun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó dàgbà létí omi yìí tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n pààlè sí, olè ni.

Olè, nínú oko tí a fi ọwọ́ ara wa gbìn.

Nígbà tí bàbá wa, Obadiah, kó wa wá sí Gberefu, iyanrìn àti ẹ̀gún ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nínú ẹbí, nítorí ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé ènìyàn dé ibẹ̀, òkun sì ń bú lẹ́yìn ilé tọ̀sán-tòru. Gbádéyan, àbúrò bàbá wa, ń tajà nínú ìlú Àgbádárìgì. Òun ló sọ pé ilẹ̀ tí akàn ń gbé kò lè bọ́ ènìyàn. Àrùn oríkèé kò jẹ́ kí bàbá wa lè bẹ̀rẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Òun a fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí ihò yóò wà, àwa a gbẹ́ ẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń pọn omi láti kànga, a ó máa bu ún sí ìdí àgbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, akàn a gé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún òmíràn gbìn. Èjìká ọ̀tún Leah rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ nítorí igi tó fi ń ru omi. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá wa, tí í ṣe Ẹ̀gùn, kú síbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó bí Títílọlá. Zinsu àti Sagbo, àwọn ìbejì ọkùnrin tó wà láàrin Leah àti èmi, kò dàgbà. Nítorí wọn ni mo fi ń jẹ́ Dosi, orúkọ tí Ẹ̀gùn máa ń sọ ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé ìbejì. Ọmọkùnrin kò ṣẹ́kù fún bàbá wa. Ohun tí Gbádéyan ti ń dúró dè nìyẹn.

A wọ ọkọ̀, a lọ bá olórí ẹbí, Bàbá Oyèbọ̀dé, ní Apa. A bá àwọn àgbà ẹbí tí wọ́n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, katikísì ìjọ wa, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹbí, wà láàrin wọn pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Gbádéyan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìgbà tí a ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ ìkíni.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló sọ fún yín pé obìnrin ń jogún ilẹ̀? Ilé ọkọ ni ogún obìnrin wà. Ẹ lọ lọ́kọ! Leah, pàápàá ìwọ, kí eyín rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká."

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Eyín mi pé, Bàbá Kékeré," Leah dáhùn. "Àgbọn ni mo fi ń dán an wò."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò dùn mọ́ Gbádéyan. Ó yíjú sí olórí ẹbí. "Obadiah kò ní ọmọkùnrin. Ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí. Àṣà wa nìyẹn, kò sì ní àríyànjiyàn."

Mo ti kọ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, láàrin àwọn káfíńtà àti àwọn aránṣọ. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá," mo wí fún Bàbá Oyèbọ̀dé. "Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe ìrìbọmi, ẹ ní kí àwọn ìyàwó yín máa lọ, kí ó ku ẹyọ kan. Ẹ ní ìwé ló wí bẹ́ẹ̀."

"Dosi!" Gbádéyan pariwo. "Ìyàwó bàbá rẹ lò ń kà lójú rẹ̀?"

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni arúgbó náà wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

"Ìwé kan náà sọ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Selofehadi. Ó kú sí aginjù, kò ní ọmọkùnrin, obìnrin márùn-ún ló bí. Àwọn ọmọ náà lọ bá Mósè lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n bi í pé, kí ló dé tí orúkọ bàbá àwọn yóò fi run nítorí pé obìnrin ni àwọn? Mósè gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ọlọ́run lọ."

Gbogbo wọn wo katikísì. Katikísì wo òrùlé.

"Adédìran, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Kí ni Ọlọ́run wá wí?"

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran wú ikọ́ díẹ̀. "Ó ní... òtítọ́ ni àwọn ọmọ náà sọ. Ó ní kí wọ́n fún wọn."

Bàbá Oyèbọ̀dé wo ọ̀nà ọ̀sà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó lé jáde ti bá a gbé láti ìgbà èwe. Ẹja yíyan ló wá ń kiri ní etí ọ̀sà. Arúgbó náà ní, "N kò lè fi ìwé lé ìyàwó, kí n tún wá fi àṣà lé ọmọ. Gbádéyan, lọ tú àalè rẹ."

Ó tú u. Títílọlá kọrin títí a fi wakọ̀ délé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìgè wá tọrọ mi. Ó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Morogbo, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tó wá kí wa, ó rí i pé ọkọ̀ wa ń jo, ó sì tún un ṣe kó tó jókòó. Bí ìròyìn náà ṣe dé ìlú, Gbádéyan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ katikísì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè wá padà sí Apa.

Lọ́tẹ̀ yìí, Bíbélì ti wà ní ṣíṣí kí a tó wọlé. Mo mọ ojú ewé náà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo sì ti ń gbàdúrà kí wọ́n má ṣe dé ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin ẹ̀yà Selofehadi padà lọ bá Mósè. Wọ́n ní bí àwọn ọmọbìnrin náà bá fẹ́ ará ìta, ilẹ̀ yóò bá wọn lọ. Mósè gbà fún wọn. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin náà fẹ́ ẹni tó bá wù wọ́n, bí ó bá ṣá ti jẹ́ láti inú ìdílé bàbá wọn. Ẹni tó bá wù wọ́n! Ẹ gbọ́ irú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Katikísì kà á dé òpin, títí dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ ọmọ àwọn arákùnrin bàbá wọn.

Gbádéyan ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwé lẹ ní kí a tẹ̀lé. A ti tẹ̀lé e. Ọmọ mi Ọmọ́níyì rèé. Títílọlá ni yóò fẹ́. Dosi, wí fún agbẹ́kọ̀ rẹ kó wá ìyàwó sí Morogbo. Mọ̀lẹ́bí náà pọ̀, a ó rí ẹni fún ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí ẹ bá kọ̀, ilẹ̀ padà wálé."

Ọmọ́níyì, tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan nígbà tí a wà ní kékeré, tẹ orí ba. Títílọlá di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

"Èèwọ̀ ni!" mo wí. "Níbo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń fẹ́ ọmọ àbúrò? Bàbá kan náà ló bí bàbá wa àti bàbá rẹ̀!"

"Àṣà nìyẹn, Dosi," Gbádéyan wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. "Ìwọ lo ní ká fi àṣà sílẹ̀."

Nígbà náà ló yé mi. Kò fẹ́ ìgbéyàwó kankan. Ó mọ̀ pé a kò jẹ́ gbà á láéláé, òun náà kò sì ní gbà á. Nígbà tí àṣà bá a mu, àṣà ló dì mú. Nígbà tí ìwé bá a mu, ó di ọmọ ìjọ. Ọ̀nà méjèèjì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n já sí. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn àgbà yòókù mọ̀, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Leah sún mọ́ Bíbélì náà. Ó wá bi katikísì pé, "Ọ̀gbẹ́ni, níbo ni wọ́n ti bi àwọn ọmọ náà?"

"Báwo?"

"Àwọn ọkùnrin lọ bá Mósè. Mósè dá wọn lóhùn. Níbo ni wọ́n ti bi Mala àti Noa àti àwọn yòókù bóyá wọ́n fẹ́?"

"Ìwé ní wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí Mósè ti wí."

"Mo gbọ́. Mo ní níbo ni wọ́n ti bi wọ́n?"

Katikísì ṣí ewé kan síwájú, ó ṣí òmíràn sẹ́yìn. Ó pa ìwé náà dé.

"Kò sí," Leah wí. Ó yíjú sí olórí ẹbí. "Bàbá, ẹ gba ilẹ̀ yín. Ilẹ̀ nìkan ni ìwé yẹn sọ, kò sọ̀rọ̀ igi. Àṣà wa níbí sì ní ẹni tó gbin igi ló ni igi, ì báà jẹ́ orí ilẹ̀ àlejò ni. Bàbá Kékeré, èwo lẹ gbìn níbẹ̀? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan kí n lọ gé e fún yín."

Gbádéyan ń tún aṣọ rẹ̀ ká.

"Ṣé o gbin ọ̀kan níbẹ̀?" Bàbá Oyèbọ̀dé bi í. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó ní, "Igi jẹ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó lè yí ìyẹn padà."

"Ó dáa," Gbádéyan wí, inú ń bí i gidigidi. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ jẹ́ tèmi, èmi àbúrò Obadiah. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbin igi kan sí i. Èyí tó bá kú, ó kú nìyẹn. Èyí tí òkun bá wó, ó lọ nìyẹn. Tí ó bá tán, kí wọ́n kó ẹrù wọn."

Àwọn àgbà mi orí pé ó tọ́, oníkálùkù ti rí ti rẹ̀ gbà. Wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pàápàá sọ fún wa pé kí a dúpẹ́, pé ìlú mìíràn kì í ṣàánú obìnrin tó báyìí. Àánú! Wọ́n gba ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, wọ́n fi igi sílẹ̀ fún wa, a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà, Tirsa ni mò ń rò, àbíkẹ́yìn Selofehadi. Mo rí i lójú ọkàn mi lẹ́yìn àgọ́, ó ń pọn omi. Bóyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹ̀yà mìíràn tó máa ń bá a gbé garawa ka orí. Bóyá ó ti ra nǹkan fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọkùnrin ìdílé rẹ̀ padà wálé, wọ́n ní, "Mósè ti dáhùn." Ta ló lọ sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn? Ṣé wọ́n jẹ́ kí Tirsa fúnra rẹ̀ lọ sọ ọ́? Gbólóhùn kan ni ìwé fi parí ẹ̀kún ọmọ márùn-ún: wọ́n ṣe bí wọ́n ti wí fún wọn. Wọ́n sì ń fi ìtàn wọn wàásù títí di òní pé, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ ti obìnrin.

Mo fẹ́ Ìgè, mo lọ sí Morogbo. Títílọlá bá wa lọ, ó ń kọ́ ìránṣọ. Leah kọ̀ láti kúrò ní Gberefu.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, òkun wọlé lóru pẹ̀lú ìjì, ó hú odindi ìlà igi kan tó wà létí òkun. Nígbà tí mo wakọ̀ dé ibẹ̀ láti wo Leah, ó ti to àgbọn tó ti hù sí iwájú ilé. Ó ń gbẹ́ ihò ní ọ̀sán gangan, ní ibi tí àwọn tó wó ti ṣubú, lójú gbogbo apẹja tó ń kọjá.

Ẹni kan lọ sọ fún Gbádéyan. Kí n tó padà sí Morogbo, òun àti Ọmọ́níyì ti sọ̀ kalẹ̀ létí ọ̀sà.

"Leah! Kí ni a jọ sọ ní Apa?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Bàbá Kékeré. Ta ló bi mí?"

"Ọmọ́níyì, hú wọn!"

Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀, ó hú ọ̀kan. Kò jù ú nù. Ó rọra fi í lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì dìde dúró, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́.

"Mo ní kí o hú wọn!"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Bàbá," Ọmọ́níyì wí. Ó padà sínú ọkọ̀, ó lọ jókòó.

Gbádéyan dúró nínú iyanrìn tó gbóná, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán. Kò bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀kankan rí nínú oko yẹn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Leah mú èyí tí wọ́n hú, ó tún un gbìn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó sún sí ihò tó kàn.