Ọmọ Tí Wọ́n So Mọ́ Ẹsẹ̀ Tábìlì

Ìró síbí lára agolo dákẹ́ lójijì, ọwọ́ Ìyàwó sì dúró lórí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú ilé ìdáná. Níwọ̀n ìgbà tí síbí bá ṣì ń dún, ó mọ ibi tí ọmọ wà. Tó bá ti dákẹ́ báyìí, kò mọ̀ mọ́.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sáré yọjú wo ọmọ."

Ìyálé rẹ̀, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fẹ̀yìn ti àga, ó ń mu tíì. "Parí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ná, Ìyàwó. Ṣé o ò rí i pé ọkọ mi ń dúró ni? Ọmọ tó bá dákẹ́, oorun ló ń sùn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ tó fẹ́ ẹ kò sí mọ́. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ náà. Orí òpó ló ti já bọ́, nígbà tí ọmọ wọn kò tíì pé oṣù kan. Kí iyẹ̀pẹ̀ ibojì tó gbẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá kó ìyá àti ọmọ. "Ọmọ wa ò ní í dàgbà síta," ló wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò yìn ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí Ìyàwó wọlé náà ni wọ́n ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn máa lọ sílé. Omi, ilẹ̀, abọ́, aṣọ, oúnjẹ, ọrùn Ìyàwó ni gbogbo rẹ̀ já lé.

Nígbà tí ọmọ kò tíì mọ̀ ju kó sùn lọ, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń wà. Ìyálé ní kò gbọdọ̀ pọn ọmọ lọ aṣọ mọ́, pé itọ́ ń kán sí kọ́là. Ó tún ní ọmọ kò gbọdọ̀ gòkè, nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Ni Ìyàwó bá gbé e sínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó kó agolo òfìfo àti síbí fún un kó máa fi ṣeré. Lóṣù kẹjọ, ọmọ yí ọpọ́n dà. Ó gbé e sínú páálí ńlá. Ọmọ jẹ ẹ́ létí bí ewúrẹ́, ó gba ibẹ̀ jáde. Ó wá ń rákò kiri láti ìdí sítóòfù dé ìdí kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì, débi pé ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Lámilámi, nítorí kì í bà síbì kan kó pẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun kan pákó kékeré dí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kí ọmọ lè máa ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò síná, tí kò sómi gbígbóná. "A ó wò ó," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń wí. Káfíńtà wá lóòótọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àpótí bàtà ìyálé ló wá kàn.

Ìyàwó bá fi ọ̀já di ọmọ níbàdí, ó so etí ọ̀já kejì mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó wọ̀n ọ́n dáadáa kó má bàa dé ìdí sítóòfù. Kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀ lórí tábìlì náà, nítorí láti ọjọ́ mẹ́ta ni Lámilámi ti ń dì í mú dìde.

Ìyàwó ti áyọ́ọ̀nù gba apá ṣẹ́ẹ̀tì, etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò sí ìró. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú: ọ̀já kò gùn, sítóòfù ti kú, mo ti gbé bílíìṣì sókè. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ife tíì tó ń rú èéfín lọ́wọ́ ìyálé rẹ̀.

"Ìyálé mi, ta ló bá yín po tíì?"

"Mo pò ó fúnra mi. Ṣé n ó máa dúró dè ọ́ ni?"

"Kẹ́tùlù ńkọ́? Níbo lẹ gbé e sí?"

"Orí tábìlì. Ibo là á gbé kẹ́tùlù sí?"

Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, kò tọrọ àyè mọ́. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn tí irin fi dún gbàgà lórí sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ń wá èémí. Igbe tó tẹ̀lé e, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní Ọlọ́run yọ ọ́, omi náà kò kan ojú. Apá ọ̀tún àti àyà ló bó. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé kò gbójú sókè.

"Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tó ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀ ni," ìyálé dáhùn. "Kò kúkú níṣẹ́ kankan tó ń ṣe nílé."

Ìyàwó la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tuni nínú: "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn ó gbà kó sùn ti ọmọ. Ìwọ ni mo fẹ́ kó jẹ́. Má fi ẹnu ara rẹ ba nǹkan jẹ́."

Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ju ti orí àtẹ̀gùn lọ. Bí wọ́n bá lé e síta, ta ni yóò fún ọmọ lọ́yàn lóru?

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, màmá ọmọ?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá kò bójú tó ọmọ, Ìyàwó sì tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀dà kan. Wọ́n jẹ́ kó sùn ti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyálé ló gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbé e wọ mọ́tò, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé àpò aṣọ Ìyàwó kalẹ̀ fún un lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn.

Bàbá Ìyàwó, télọ̀ àgbàlagbà tí kì í bá ènìyàn jà, lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n dá ọmọ padà. Wọ́n fún un lága, wọ́n fún un lómi tútù mu, wọ́n sì na ìwé náà sí i. Nígbà tó padà délé, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Wọ́n ní bí mo bá gba ilé ẹjọ́ lọ, ìwé yẹn làwọn ó gbé síwájú adájọ́. Ṣé ìwọ lo tẹ̀ka sí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Nínú ilé kejì, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún. Lẹ́ẹ̀kan náà ni omi ọyàn rọ́ wá, ó rin búláòsì rẹ̀, ó ń kán sórí itan. Bàbá rẹ̀ yíjú sí ògiri.