Ta Ló Ní Kí Ẹ Nu Ilà Ojú Ìyá Mi Àgbà?

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀! Èmi Tàjùdéèn ni mo fi igi gbẹ́ orí ìyá mi àgbà. Kò sírú ẹ̀ láti Ibafo dé Mẹ́kà. Ẹni mẹ́sàn-án ti kúnlẹ̀ kí igi yẹn, ẹnì kan tiẹ̀ ń dúró kó dáhùn! Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ilà ojú ẹ̀ nìkan, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, ó jẹ mí ní ọ̀bẹ méjìlá.

Wọ́n fẹ́ ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà l'Ábẹ́òkúta. Fótò iṣẹ́ lèèyàn máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ó pẹ́ tán, aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ò mọ̀wé. Fúnmi tó ni kafé ní Mowe ló bá mi ka fọ́ọ̀mù: "Tàjù, iṣẹ́ yẹn nìkan ni kó hàn o. Wọn ò fẹ́ òdòdó, wọn ò fẹ́ ọ̀ṣọ́ kankan."

Mo gbé orí lọ bá Bọ̀dá Zubair, onífótò Ibafo tí kámẹ́rà ẹ̀ kì í lo fíìmù. Mo ròyìn bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ọwọ́ ọ̀gá lo bọ́ sí," ló wí.

Aago méjì ọjọ́ Jímọ̀ ló tó fún mi ní sídì tó kó fótò náà sí, mo sáré gbé e dé kafé. Fúnmi ṣí i, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Tàjù, ìyàwó ta nìyí?"

Yéè! Ìyá mi àgbà ti pupa bí ọsàn! Omi ń ya wálẹ̀ látorí òkè lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń dán bí àwo. Ilà kan ṣoṣo, kò sí!

Mo fò lé ọ̀kadà, ó di Ibafo. Eré tá a sá, òjìji wa ò tíì dé títí di òní.

Àfi bí mo ṣe bá ìyá mi àgbà fúnra wọn ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Zubair, níbi tí orí náà ṣì wà. Wọ́n ti Ifo wá wo iṣẹ́ mi. Bọ̀dá Zubair sì ti gbé fótò burúkú yẹn kọ́ ara ògiri, gàgàrà!

"Ta ni òyìnbó yìí?" ìyá mi àgbà bi í.

"Ẹ̀yin ni mà. Mo bá yín tún ojú ṣe ni. Gbogbo ìyàwó ni mò ń bá nu àmì ojú. Ọ̀fẹ́ ni mo tiẹ̀ ṣe é!"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n kọ ilà yìí," ni wọ́n wí. "Mi ò sunkún. Ìwọ wá jókòó sórí àga, o nù ún nù?"

Bọ̀dá Zubair dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde!" mo pariwo. "Aago mẹ́ta ti lù. Ẹ dá ojú wọn padà!"

"Mo ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nínú kámẹ́rà."

"Ẹ tún un yà nìyẹn!"

A gbé orí sábẹ́ òrùlé níta, níbi tí oòrùn ò ti ta sí i. Ìyá mi àgbà tú ìborùn dúdú wọn, wọ́n nà án sẹ́yìn orí náà. Nígbà tó yà á tán, mo di ọwọ́ Bọ̀dá Zubair mú lórí kọ̀ǹpútà kó má baà tún nu nǹkan kan.

Mo tún fò lé ọ̀kadà padà sí Mowe. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́rin lù nígbà tí Fúnmi fi í ránṣẹ́. Ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé!

Àmọ́ ìyàwó pupa yẹn ṣì wà lára ògiri. Bọ̀dá Zubair ní àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀. Kò burú. Lọ́la, màá mú ọ̀bẹ mi lọ, màá kọ ọ́ nílà: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì.